Àwo Tí Kì Í Ṣe Fún Títà

Màámá, ìyá wa àgbà, ti gbé ọmọ odó sókè, iyán ti fẹ́ máa fà, ni bàbá wa àgbà bá tún yọrí lójú fèrèsé. Wọ́n fẹ́ gbọ́ orin, kí ẹnikẹ́ni má gún nǹkan kan. Ilé alámọ̀ ni tiwa ní Erunmu. Bí odó bá ti dún lẹ́yìnkùlé, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ orin á fò lórí àwo. Ọ̀rọ̀ yìí sú mi délẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àgbàlagbà sì ń fi òwú nu àwo bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Iyán tí a dá dúró lójú odó, kókó ni a ó bá nínú rẹ̀.

Àwo ọjà ò jọ wọ́n lójú, wọ́n ní ariwo lásán ni. Àwo ìpolówó ni tiwọn, èyí tí àwọn olórin ń fún ilé rédíò lọ́fẹ̀ẹ́ kí orin tó jáde. Ìwé funfun ló máa ń wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé kì í ṣe fún títà. Akọ̀wé ni Bàbá ní ilé rédíò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o jọ. Wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ ń ti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀ àwo jáde, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi mọ́. Olúwa ló mọ̀. Kíríkírí bí ẹ̀pà inú iyanrìn gbígbóná ni etí tèmi ń gbọ́.

Ọ̀kan wà tí Bàbá kì í ṣàì gbọ́ lójoojúmọ́. Màámá ló ṣe ẹlẹ́gbè nínú rẹ̀ nígbà ọmọge. Kí orin náà tó dé ọjà, àwọn olórin ti fi ohùn ẹlòmíì rọ́pò ti Màámá. Inú àwo ìpolówó yẹn nìkan ni ohùn ọmọge náà kù sí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Màámá fi odó sílẹ̀, wọ́n wọlé tọ Bàbá lọ, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Bàbá nawọ́ sí wọn láìwẹ̀yìn.

"Jẹ́ kó dé ibi tó o ti gbè é ná."

"Èmi náà rèé lẹ́yìn yín," Màámá ní, "ẹ ò dá mi lóhùn. Èmi inú àwo lẹ̀ ń gbọ́."

Bàbá ní kí wọ́n rọra, kí abẹ́rẹ́ má fò. Màámá jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán wọn. Abẹ́rẹ́ fò lóòótọ́, inú mi sì dùn.

Ọdún yẹn ò parí tí Màámá fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi Bàbá pé kí ni Màámá fẹ́ bá wọn sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò padà bi Màámá.

Ọ̀dọ̀ mi ni àwo náà wà báyìí. Àwọn tó ń kó àwo jọ ti wá láti ìgboro Ìbàdàn, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ohùn Màámá ṣì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá ti pè mí, mo máa ń pa ẹ̀rọ orin náà ni, kódà bó jẹ́ ata lásán ló fẹ́ rán mi lọ rà.