Òórùn Òbúkọ

Lánàá, wọ́n gbé òbúkọ kan sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Ẹdẹ. Gbogbo èrò fọwọ́ bo imú. Èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kórìíra òbúkọ agboolé kejì. Tó bá ti yọjú, omi ni wọ́n fi ń lé e. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ dúdú wa, tó máa ń lá iyọ̀ lọ́wọ́ mi, kò bímọ rí, alápatà sì ti wá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Dókítà ẹran gún ewúrẹ́ náà lábẹ́rẹ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ ó dọ̀tunla ná.”

Lọ́sàn-án ọ̀tunla yẹn, èèpo iṣu ń gbẹ lórí páànù, oòrùn mú gan-an. Àfi bí òórùn ìtọ̀ kíkan ṣe gba gbogbo àgbàlá. Òbúkọ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ká ètè sókè. Mo sáré lọ bomi.

“Gbé e sílẹ̀!” Ìyá àgbà da èèpo iṣu síwájú òbúkọ náà. “Àna wa, ẹ káàbọ̀ o.”

Mo bú sẹ́kún pé yóò kan ewúrẹ́ mi pa. Wọ́n fà mí wọlé. “Dákẹ́. Alápatà ò ní í mú un lọ mọ́.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ẹyin inú ewúrẹ́ náà gbó, tí òbúkọ fi gbóòórùn rẹ̀ wá. Ìbejì ló bí.

Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ wò mí. “Ṣé imú yín dí ni?”

“Kò dí o,” mo ní. “Òórùn yìí ló ń tù mí lára.”