Fọ́tò Gíwá Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, yunifásítì kan gbà mí sí ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ní ní Liverpool Road, nítòsí pọ́ọ̀tù. Iṣẹ́ mi ni láti tún ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, kí àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kàwé láìkúrò nílé lè forúkọ sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé bí ẹnikẹ́ni kò bá forúkọ sílẹ̀ kí ọdún tó parí, wọn yóò ti ọ́fíìsì náà, kí n máa lọ sílé.

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá mi, kì í fọ̀rọ̀ ipò ṣeré. Ó ní fọ́tò gíwá ni yóò kọ́kọ́ hàn, kí ti igbákejì rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà akọ̀wé àgbà, àwọn olórí ẹ̀ka, àti òun alára. Abẹ́ gbogbo wọn ni ibi ìforúkọsílẹ̀ wà. Mo ní ó ṣeé ṣe kó falẹ̀ díẹ̀. Mo ti bu ọ̀rọ̀ náà kù jù.

Wáyà tẹlifóònù tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà nígbà náà kì í gbé fọ́tò wá lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbélé ní Ajégúnlẹ̀ kó wá dán an wò. Ó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Tin Can, ó sì fẹ́ máa fi àkókò tó fi ń dúró de tírélà kàwé. Fìlà gíwá yọ. A dúró. Iwájú orí rẹ̀ yọ, ó sì gbòòrò ju bí mo ti rò lọ. Ẹ̀gbọ́n ra ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́ tán kí imú tó dé. Nígbà tí fìlà ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó yíjú sí mi.

"Àbúrò, ìwé ni mo wá kà o, mi ò wá tọrọ ìyàwó. Bàbá mélòó ni mo máa dọ̀bálẹ̀ fún?"

Wáyà já. Ó dìde, ó ní ìlà tírélà ní Tin Can yá ju gíwá lọ.

N kò lè sọ fún ọ̀gá pé ojú gíwá ló ń lé èèyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, mo wo bí àwọn akọrin ṣe ṣáájú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, mo bi ọ̀gá léèrè ẹni tó máa ń wọlé kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bíṣọ́ọ̀bù ni."

"Lọ́jọ́ ìgboyè ní yunifásítì ńkọ́, sà?"

"Gíwá ni." Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Kí ló wá dé tí ìwọ fi gíwá ṣáájú?"

Mo tọrọ àforíjì. Kó tó di ọ̀sán, ìforúkọsílẹ̀ ti wà lókè, gíwá sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wàhálà tó ṣẹ́kù ni ti àwọn olórí ẹ̀ka, tí wọ́n ń bẹ̀ mí kí n tún sún àwọn sísàlẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n padà wá. Ó forúkọ sílẹ̀ kí fọ́tò kankan tó yọ, ó sì gba pọ́ọ̀tù lọ. Ọ̀gá bi mí bóyá ó rí gíwá. Mo ní, níwọ̀n bí mo ti mọ̀, ó ti wọlé kó tó kan gíwá.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni ọ̀gá wí, ó sì kọ̀wé sí yunifásítì pé akẹ́kọ̀ọ́ ti dé.