Dókítà Márùn-ún Tí Ò Fẹ́ Ká Dárúkọ Wọn

Ọdún mọ́kànlélógún ni Verna Tadlock fi ṣe alábòójútó ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣẹ́ oyún nílùú wa ní Alabama. Èmi ni mo ń gba àlejò níwájú. Kò sí dókítà ìlú wa tó jẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Láti Atlanta ni tiwa ti ń wá lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn tó ń pariwo lẹ́nu géètì pé apààyàn ni wá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, ọ̀kan nítorí pé wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ géètì iléèwé ọmọ rẹ̀. N ò bá a wí.

Ni ìjọba bá gbé òfin tuntun dé: dókítà ìlú tó láṣẹ láti dá aláìsàn dúró sí ọsibítù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun wà lẹ́yìn wa. Wọ́n ní nítorí ààbò àwọn obìnrin ni. Irọ́ ni! Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ sí i. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tá ò rí ẹnì kan, ilẹ̀kùn wa yóò tì.

Verna bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dókítà kan dé òmíràn. Mo tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Langley, tó gbẹ̀bí àwọn ọmọkùnrin Verna méjèèjì.

“Verna, ṣé o fẹ́ kí n kó sí wàhálà lọ́jọ́ ogbó ni?”

“Bírò lẹ máa gbé, sà, mi ò ní kẹ́ ẹ gbébọn.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Wá ẹnì kan kó ṣáájú. Tó bá ti fọwọ́ sí i, èmi ni ìkejì. Àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ dárúkọ mi fẹ́nì kankan. Ó yá, búra.”

Verna búra. Nínú ọkọ̀, ó ní, “Òun ni ìkarùn-ún.”

“Ìkarùn-ún kí ni, mà?”

“Ìkarùn-ún tó fẹ́ ṣe ìkejì.”

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

“Ẹ kó wọn jọ síbì kan, mà, kí wọ́n rójú ara wọn!”

“Mo ti búra fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, Joyce.”

Nílùú wa, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, ẹni tó bá tú àṣírí ò tún ní rẹ́ni bá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Ó tẹ̀ wọ́n láago lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ nínú ìbúra. Àwọn márààrún kọ̀. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá já ìwé àṣẹ wa lára ògiri. Ó tilẹ̀ kí wa dáadáa. A pe àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tó yẹ kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Ilé ìwòsàn míì tó sún mọ́ wa jù, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Dókítà Langley di Verna lọ́wọ́ mú.

“Ó dùn mí, ọmọ mi. Ìlú yìí mà burú o. Kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó lè dúró tì ẹ́.”

“Márùn-ún lẹ jẹ́, sà,” Verna ní, ó sì yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá.

Bàbá dúró síbẹ̀, ó ń wojú àwọn èèyàn tó ń jáde bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àwọn mẹ́rin yòókù.