Àga Bàbá Wa ní Bassila

Yáyà fẹ́ràn oyè bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Ní Manigri tiwa níbí, kò sí ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ṣe alága rẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin kàjú, ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé, títí kan ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, òun tí kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ rí. Bí wọn kò bá fi í ṣe alága, á ní kí wọ́n fi òun ṣe igbákejì. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, á lọ jókòó sí iwájú, á máa mi orí sí gbogbo ohun tí alága bá ń sọ, bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Èmi Rahimatou, dálémosú ni mí nínú agbo ilé wa kan náà, mo ti kọ ọkọ méjì, n kò sì bá Yáyà jà lórí oyè rí. Ọkùnrin tó bá ń wá oyè kì í ráyè yọ obìnrin lẹ́nu.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí baálé wa kú, tí ipò rẹ̀ ṣófo. Ẹni méjì ló dìde sí i, Yáyà àti Gafarou. Bàbá kan náà ló bí bàbá Yáyà, bàbá Gafarou àti bàbá tèmi. Àbdùlhàmíd lorúkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì í. Nínú àwọn ọmọ tó bí, Ìyá Kafayatou, àbíkẹ́yìn rẹ̀, nìkan ló ṣẹ́kù láyé, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Kò sí ẹni tó bi ìyá yìí ní ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ baálé. Yáyà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, Gafarou sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu àwọn méjèèjì jọ kò lé lórí nìyẹn.

Àwọn méjèèjì wá ń fi oore wá ojú ẹbí. Gafarou ra ẹní tuntun sí mọ́sáláṣí. Yáyà ra aago ògiri, ó sì ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀gangan ibi tí ojú ẹni tó bá forí kanlẹ̀ lórí ẹní Gafarou yóò kọ́kọ́ bọ́ sí tó bá gbórí sókè. Lẹ́mọ́mù bínú, ó ní kí wọ́n gbé aago náà sí ẹ̀yìn, Yáyà sì lọ káàkiri ìlú pé wọ́n ń ṣe inúnibíni sí òun.

Ibẹ̀ la wà tí Salma fi pe bàbá rẹ̀. Salma ni ọmọbìnrin Yáyà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì kan lápá gúúsù. Ojú ẹ̀kọ́ yìí máa ń ti Yáyà. Bí wọ́n bá bi í, á ní ìmọ̀ òfin lọmọ òun ń kọ́. Salma ní yunifásítì àwọn ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn olùkọ́ sì fẹ́ kó díẹ̀ nínú ẹrù inú rẹ̀ wá sí Bassila kí ará ìlú lè wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú ohun àtijọ́ kan, yóò sì ṣe iṣẹ́ tuntun tí wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga onígi kan ló wu òun. Ẹnìkan ló rà á lọ́wọ́ ẹnìkan láyé àwọn òyìnbó, ohun tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ kò ju "Àga olóyè, Manigri" lọ.

"Bàbá, ta lẹ rò pé ó ni ín?" Salma bi í.

"Ta ni ì bá tún ni ín?" ni Yáyà dáhùn, ó sì ti ń wá fìlà rẹ̀. "Bàbá bàbá mi ni!"

Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ la fi ń bò ó jẹ. Yáyà kò ní ọwọ́ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo Manigri ti gbọ́ pé Àbdùlhàmíd ní àga oyè, pé yàrá bàbá Yáyà ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí náà ọmọ ẹni tó pa àga mọ́ ló yẹ kó jẹ baálé. Gafarou ní irọ́ ni, pé ọ̀dọ̀ bàbá tòun ni àga náà máa ń sùn. Àwọn méjèèjì búra lórí àga tí ojú wọn kò rí rí. Ọkùnrin kan láti Doguè tilẹ̀ pe Yáyà lórí fóònù pé bàbá ńlá tòun ló ni àga náà, Yáyà sì bú u títí owó orí fóònù fi tán.

Olùkọ́ tó ń bójú tó ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé náà wá sí Manigri fúnra rẹ̀. Pòrófẹ́sọ̀ Saliou ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin gíga kan tó máa ń pa ojú dé bó bá ń sọ̀rọ̀. Yáyà àti Gafarou jọ tẹ̀ lé e káàkiri, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì jọ ní kí wọ́n kọ "Ìdílé Àbdùlhàmíd ti Manigri" sára àga náà ní lẹ́tà ńlá. Yáyà rán agbádá funfun, ó wọ̀ ọ́ fún Salma kó fi yàwòrán rẹ̀ bí ẹni pé orí àga náà ló jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀, Roukayatou, ní ìgbà tí òun rí ọkọ òun tó jókòó pẹ́ tó báyìí tí kò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ibà ló ń ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mọ́tò méjì ni ilé wa kún lọ sí Bassila. Gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá mẹrì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n kó nǹkan sí. Mo fẹ́ sọ òtítọ́: àwọn ohun àtijọ́ rẹwà, ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ híhun. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló dà mí láàmú. Ọ̀kan so ọkọ́ tó ti kán mọ́ àjà, ó pè é ní "Ìbéèrè". Òmíràn da èèpo kàjú sílẹ̀ ní àárín gbọ̀ngàn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ìyá kan láti ẹ̀yà Anii, tó ń tajà lọ́jà Bassila, dúró síbẹ̀ pẹ́, ó wá bi mí ní Faransé tí kò já gaara bóyá ẹni tí ilé kàn láti gbá kò tíì dé ni.

Ṣùgbọ́n mo rí àwòrán Salma, inú mi sì dùn débi pé mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Yáyà tó yà kì í ṣe Yáyà orí pèpéle. Yáyà tó máa ń jókòó nìkan sídìí igi kàjú lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni, ọkùnrin kan tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n lè má rántí òun. Agbádá funfun náà tóbi jù ú lọ. Yáyà wò ó, ó ní àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ìmú òun kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Pòrófẹ́sọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó pa ojú dé. "Ẹ wo ihò méjì tó wà lẹ́sẹ̀ àga yìí," ó ní. "Ọ̀kan dúró fún oòrùn, ìkejì dúró fún òṣùpá. Ibẹ̀ ni olóyè ti ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀." A pàtẹ́wọ́. Ti Yáyà ló ròkè jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ ya fótò, Pòrófẹ́sọ̀ sì ní kò ní àgbà nínú, kí wọ́n bá òun mú àgbà kan wá. Bí wọ́n ṣe fa Ìyá Kafayatou síwájú nìyẹn, ẹni tó bá wa wọ mọ́tò torí pé kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ nílé.

Ìyá fi ọwọ́ pa ìjókòó àga náà, ó fi pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ inú ihò kan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Àga yìí ṣì wà láyé?" ó ní. "Ojú okùn nìyí. Ibí ni wọ́n ti so bàbá mi lẹ́sẹ̀."

"Ìyá, àga oyè ni," Yáyà sọ kíákíá.

"Oyè wo? Àga olè ni. Iwájú ààfin ló máa ń wà. Ẹni tó bá jalè lóko, wọ́n á so ó mọ́ ọn láti àárọ̀ di alẹ́ kí gbogbo ìlú lè wò ó. Èbù iṣu ni bàbá mi jí, èyí tí olóko fẹ́ gbìn."

Salma sọ ọ́ ní Faransé fún àwọn ará Bassila. Ọkùnrin kan wá kígbe láti ẹ̀yìn: "Èmi ará Doguè nìyí o! Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀! Tiyín ni, ẹ máa gbé e lọ!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Gafarou ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń na ọwọ́ sí Yáyà, ó ń ní, "Ṣebí yàrá bàbá tìrẹ ló ń sùn!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé bàbá bàbá mi ni mò ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo wo Gafarou, mo rí i pé ó ti yé òun náà, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán nínú rẹ̀.

Ojú kò ti Pòrófẹ́sọ̀ rárá. Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó bímọ lọ. "Èyí tún dára jù!" ó ní. "Àga olóyè kún gbogbo ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Àga olè, n kò rí ọ̀kan rí!" Oòrùn àti òṣùpá ti wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú bébà tuntun wá, kí wọ́n kọ "Àga olè" síbẹ̀.

"Mísíè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ ilé wa kúrò," Salma bẹ̀ ẹ́. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Ẹbí ló ní kí n kọ ọ́, ẹbí ni yóò ní kí n yọ ọ́," Pòrófẹ́sọ̀ dáhùn. "Ta ni baálé yín?"

Yáyà wo Gafarou. Gafarou wo ilẹ̀.

"Gafarou ni," Yáyà ní. "Òun ló ra ẹní sí mọ́sáláṣí."

"Èmi kọ́ o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Yáyà ni àgbà mi, gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Kò sí àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ ni wọ́n ń fẹ́."

Ojú tì mí. Àwọn tó ti ń du ipò yìí láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú, wọ́n wá ń tì í síra wọn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ìyá Kafayatou kò wò wọ́n. Ó ti jókòó sórí àga náà. Ẹnìkan láti ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé fẹ́ sọ fún un pé a kì í jókòó lé e, Pòrófẹ́sọ̀ sì fọwọ́ dá a dúró.

"Èmi ni mo máa ń gbé omi lọ fún un níbi tó jókòó sí," Ìyá ní. "Ọdún eéṣú ni. Kò sí nǹkan kan nínú oko. Ó se iṣu yẹn fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bu iyọ̀ sí i, ó ń wò wá bí a ṣe ń jẹun. Òun kò fi kan ẹnu. Nígbà tí wọ́n wá mú un, ó ní kí wọ́n dúró ká jẹun tán. Bí kò bá jí i, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò ní dàgbà láti bí yín." Ó gbé ojú sókè, ó ń wá ibi tí a wà. "Ṣé ẹ fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ ni?"

Yáyà ṣí fìlà. N kò mọ̀ pé irun rẹ̀ ti funfun tó bẹ́ẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí Pòrófẹ́sọ̀ wà, ohùn tó sì fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

"Má yọ ọ́. Kọ ọ́ pé Àbdùlhàmíd ti Manigri jí èbù iṣu. Kọ ọ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi bọ́. Èmi Yáyà ni mo ní kí o kọ ọ́."

"Gẹ́gẹ́ bí ta ni nínú ẹbí?" Pòrófẹ́sọ̀ bi í.

Yáyà wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń bá a du ohunkóhun mọ́.

"Baálé," ó ní, ó rọra sọ ọ́ débi pé wọ́n ní kó tún un sọ.

Gafarou ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, lórí èèpo kàjú tí wọ́n ní kí a má tẹ̀.