Ìdajì Aṣọ Tó Kọ́kọ́ Dé Lọ́kọ́ja

Ìran wíwò ni àìsàn tèmi. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ní Ògìdì fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ijó. Ní tèmi, bí ẹnìkan bá ti sọ pé nǹkan kan wà níbì kan tí àwọn ènìyàn ń lọ wò, ọkàn mi kò ní balẹ̀ mọ́ títí n ó fi débẹ̀. Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá so àgùntàn olórí méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, èmi ni n ó kọ́kọ́ kú nínú ilé wa. Kò purọ́ mọ́ mi.

Nígbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó ṣì ni D.O. ní Kábà, ọdún mélòó kan ṣì kù kí a gba òmìnira. Kò sí mọ́tò tí yóò gbé ọmọdé lọ wòran. Ẹsẹ̀ wa la fi ń rìn. Mo ní "wa" nítorí pé n kò dá lọ síbì kankan rí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn kan ẹ̀yìnkùlé ilé wa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi jù ú lọ, n kò sì jẹ́ kó gbàgbé ọ̀sẹ̀ náà.

Àwa méjèèjì la jọ gun gbogbo òkè àpáta tó yí Ògìdì ká. Àwa la rìn dé Kábà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ká lè wo ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó funfun tí wọ́n ń sìn ní oko ìjọba. A tún padà lọ gbọ́ agogo ńlá tó ń lù fúnra rẹ̀ nínú ọ́fíìsì D.O. Dógarì ẹnu ọ̀nà kọ̀ kí a wọlé, a sì jókòó sábẹ́ igi títí agogo fi lù lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí katakata kọ́kọ́ dé oko ìjọba yẹn, a dúró sínú oòrùn títí awakọ̀ rẹ̀ fi bi wá bóyá a kò ní ìyá nílé.

N kì í lọ wo nǹkan lọ́wọ́ òfo. Kí á tó gbéra, n ó ti wádìí rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ẹni tó ti débẹ̀, n ó sì máa rò ó fún ọ̀rẹ́ mi lójú ọ̀nà. Bí a bá débẹ̀, èmi ni n ó tún máa nawọ́ sí i. "Ṣé o rí etí rẹ̀? Mo sọ fún ọ pé ó fẹ̀ bí ewé kókò." Òun a sì mi orí. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, mo sì gbà pé ìdùnnú ló ń mú kó dákẹ́. Bí àwọn àgbà bá bi wá pé kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú báyìí, èmi ni mo máa ń dáhùn fún àwa méjèèjì pé ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ìran tó kù tí a kò tíì rí ni ti Lọ́kọ́ja. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún bọ̀ ló ń sọ pé odò ńlá méjì pàdé níbẹ̀, Ọya àti Bẹ́núè, pé àwọ̀ wọn kò jọra, pé wọ́n á máa ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́nà jíjìn kí wọ́n tó gbà láti dàpọ̀. Mo gbọ́ èyí, kò sì sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi mọ́. A jọ búra lẹ́yìnkùlé pé kò sí ẹni tí yóò wo odò yẹn láìsí ìkejì rẹ̀.

A tún hun aṣọ sí i. Iṣẹ́ obìnrin Ògìdì ni aṣọ híhun, kò sí ilé tí òfì kò sí, ó sì ti tó àsìkò tí àwa náà gbọ́dọ̀ fi ohun tí a mọ̀ hàn. Ẹ̀yà méjì la máa ń rán pọ̀ kí ìró tó pé. A fi ẹnu kò pé èmi yóò hun ẹ̀yà kan, òun yóò hun èkejì, a ó sì rán an pọ̀ di ìró kan ṣoṣo fún ìrìn àjò Lọ́kọ́ja. Èmi ni n ó ró o lálọ, òun ni yóò ró o lábọ̀. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. N kò ní sùúrù kí òwú mi mu aró dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan ṣe ṣá láàárín ìyókù lára ẹ̀yà tèmi, bí ẹni tó ń ṣàìsàn láàárín àwọn tí ara wọn le.

Ní ọdún náà, ìyàwó tísà, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọbìnrin ìjọ, kéde pé a ó bá àwọn ìjọ yòókù pé jọ ní Lọ́kọ́ja. Lọ́rì kan ni yóò gbé wa lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, àyè inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a lọ ni ìyá ìyá mi ránṣẹ́ láti Iyamoye pé kí n wá bá òun já òwú lóko. Mo sunkún. Ìyá mi ní ọjọ́ mẹ́rin péré ni, n ó dé kí Sátidé tó pé. Mo fi aṣọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kó rán an pọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣọ́ àyè mi.

Mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. N kò tíì bu omi mu tí mo fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá a. Ó kí mi pé, "Okun o, o kú àbọ̀." Ó bu ẹ̀pà gbígbẹ sí mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ lọ́rì náà bàjẹ́, wọ́n ti sún ìrìn àjò wa síwájú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè aṣọ wa. Ó ní ó wà lọ́wọ́ ìyá òun, wọ́n ń bá wa ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jókòó tì í, mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo tún ti gbọ́ nípa odò Lọ́kọ́ja ní Iyamoye fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, oko ni èmi àti ìyá mi wà láti àárọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n lọ wa iṣu wá. Mo ti ń bọ̀ lẹ́bàá títì Kábà pẹ̀lú agbọ̀n lórí nígbà tí mo gbọ́ orin níwájú mi, ni mo bá kúrò lọ́nà kí lọ́rì lè kọjá. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa ló kún inú rẹ̀. Wọ́n juwọ́ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn kò juwọ́, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àmọ́ etí ìró rẹ̀ jáde láàárín igi ara lọ́rì, mo sì rí ìlà tó ṣá náà. Kò sí aṣọ méjì tó ní irú ìlà yẹn ní gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń lọ sí Lọ́kọ́ja, èmi sì dúró sínú eruku pẹ̀lú iṣu.

Títí dòní, n kò mọ bí mo ṣe délé tísà. Òun nìkan ló wà nílé. Kí n tó la ẹnu, ó ti fi ìkáàánú wò mí, ó ní, "Ìyá rẹ àgbà ńkọ́, ṣé ara wọn ti ń yá?" Èmi tí mo fi wọ́n sílẹ̀ lóko òwú níbi tí wọ́n ti ń já òwú yára ju èmi lọ! Tísà ní ọ̀rẹ́ mi ló wá sọ fún ìyàwó òun pé àìsàn ìyá àgbà le, pé n kò lè kúrò ní Iyamoye, pé kí wọ́n fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá mi ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Mo ní kó lọ sọ fún ogún ọmọdé yẹn pé àwa méjì péré ni.

Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé. Ó ti fọ aṣọ náà, ó ti ká a, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mi. Èdè Ìjùmú ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo ènìyàn ni. Ó ní, "Mo purọ́ fún ọ."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹnu rẹ ni. Gbogbo ibi tí a bá lọ, ẹnu rẹ ló máa ń ṣáájú ojú mi débẹ̀. Kí n tó rí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, o ti ro etí rẹ̀ fún mi. Kí agogo tó lù, o ti lù ú fún mi. Ìwọ lo ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ ìròyìn rẹ nìkan ni mo ń rí láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹyọ kan."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo dákẹ́ tí mo fi lè sọ ọ́?"

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tó rí. Ó ní, "Odò náà..." Mo fi ọwọ́ di etí mi méjèèjì. Mo ní bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, n ó pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo fi eyín já òwú tó rán aṣọ náà pọ̀, mo tú u láti òkè dé ilẹ̀, mo ju ẹ̀yà tirẹ̀ sí i. Ó mú un, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀yà kan kò tó ró, kò sì sí ẹni nínú wa tó tún hun ẹ̀yà mìíràn mọ́ tirẹ̀.

Àwọn kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún sọ pé òótọ́ ló sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ó lè sọ òótọ́ náà lórí òkè, lójú ọ̀nà Kábà, lẹ́bàá òfì. Ó lè ní kí n pa ẹnu mi dé, n ó bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò sì tán. Àmọ́ ó bu ẹ̀pà fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀pà yẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ jì.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ẹ sí Ẹ̀júkù. N kò lọ síbi ìgbéyàwó náà. Èmi náà fẹ́ akọ̀wé ìjọba kan, wọ́n sì gbé e lọ síṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ni mo ṣe di ará ibi tí mo sunkún lé lórí. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo fi ẹ̀yà aṣọ mi bo èjìká, mo sì béèrè ọ̀nà odò. Aṣọ náà ti mọ̀nà jù mí lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọn kò parọ́ nípa odò náà. Ọ̀kan pọ́n bí omi ẹrẹ̀, èkejì mọ́ jù ú lọ, wọ́n sì jọ ń lọ. Mo ti pinnu pé n ó pa ẹnu mi dé, n ó wò ó bí ọ̀rẹ́ mi ṣe wò ó, kí n lè mọ ohun tó tìtorí rẹ̀ tà mí. Mo gbìyànjú. Ẹnu mi kò gbọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti nawọ́ sí ojú omi, mo ti kọjú sí apá òsì mi níbi tó máa ń dúró sí, mo ń sọ pé, "Ṣé o rí ibi tí wọ́n ti fara kanra? Ṣé o rí i?"

Obìnrin kan tó ń fọ ẹja létí odò gbé orí sókè. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó wo apá òsì mi, kò rí ẹnìkankan níbẹ̀, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹnì kan tó ti rí i tẹ́lẹ̀ ni."