Nígbà Tí Rédíò Dákẹ́

Rédíò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ ìtàn wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń kọ́ ìtàn ní ilé ìwé girama kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì fi ń kọ́ ọ. Yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò máa pè, àwọn ọmọ á máa kọ. Kì í wo ìwé. Ogun, àdéhùn, ọba tó jẹ àti ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè, gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀ bí orúkọ àwọn ọmọ tó bí. "Kómà," á ní. "Ẹ fa ìlà sí i nídìí." Bí ariwo bá sọ nínú kíláàsì, ohùn rẹ̀ á kàn gun orí ariwo náà ni, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó mu oyin, ó lá iyọ̀, kò gbọ́. Dókítà ọ̀fun tan iná sí i lẹ́nu, ó wò ó títí.

"Ẹ ti lo ọ̀fun yìí bí ẹni ń lo ọkọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, Mà," ó ní. "Ẹ dákẹ́ títí sáà yìí á fi parí. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o. Mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè má sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà ti jókòó rí nínú kíláàsì Rédíò. Nígbà tó gbọ́, ó pè é sí ọ́fíìsì, ó fa àga fún un fúnra rẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú sí mi. Olùkọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Yàrá ìkàwé wà níbẹ̀, ó tutù. Ẹ máa mójú tó o títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ jọ́gíráfì á gba àwọn ọmọ yín."

Obìnrin náà mọ̀ pé ẹni tó bá wọ yàrá ìkàwé yẹn kì í padà sí kíláàsì. Ó fa ìwé mọ́ra, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ fún mi di òpin oṣù."

Ọ̀gá wo ìwé náà pẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí ló máa ń kọ "tún un ṣe" sí etí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan.

"Ó dáa. Màá wá wò ó fúnra mi. Bí wọ́n bá ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ dúró. Bí wọn ò bá kẹ́kọ̀ọ́, Mà, ẹ gbà fún mi."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Ó kọ gbogbo ohun tí ì bá pè sójú pátákó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ẹfun bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà.

"Bátìrì Rédíò ti kú," ẹnì kan ní.

"Kò kú. Kò rí ìkànnì mú ni."

Ó gbọ́, èjìká rẹ̀ sì mì tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ sílé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà tó ti gbé ayùn sílẹ̀, ti kan pátákó kékeré fún un pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá náà kì í mọ ibi tí awò ojú rẹ̀ wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin náà gbé kẹ́tùlù òfìfo sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í.

"Ìyá àwọn ọmọ, mi ò ríran ka nǹkan kan o, má wulẹ̀ kọ ọ́. Jẹ́ kí n wò ó." Ó wo kẹ́tùlù, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Tíì ni. Ṣùgbọ́n ife mẹ́ta lo gbé síta, àwa méjì la sì wà nílé. Àlejò ń bọ̀. Àbúrò rẹ ni."

Ó mi orí, ó wọlé, ó gbé abọ́ kékeré ọmọ-ọmọ wọn jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.

"Áà. Ọmọ wa obìnrin ni, ó sì ń mú ọmọ ẹ̀ bọ̀. Ṣé o rí i? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, a ò gbọ́ ara wa yé tó báyìí rí."

Obìnrin náà kò rìn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo abọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú kan lọ sí kíláàsì, ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó. Àwọn ọmọ dúró dè é. Nígbà tí kò kọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Kò sí iná mànàmáná láyé ìgbà yẹn nìyẹn," ni ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà wí.

Olùkọ́ fa fọ́tò kan yọ, ó gbé e ti áyọ́ọ̀nù náà. Ìyá rẹ̀ ló dúró níwájú ilé nínú fọ́tò, aṣọ rẹ̀ le gan-an bí páálí.

"Lọ́yà, wo òkè. Wáyà rèé," ni ọmọ kan lẹ́yìn wí.

"Iná wà nígbà náà," Lọ́yà gbà.

"Ó wà, ṣùgbọ́n wo ibi tí wáyà ń lọ. Ó gba orí ilé wọn kọjá ni. Kò bọ́ sílẹ̀."

Nínú ìwé tí Rédíò ti ń pè láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, a kọ ọdún tí iná dé síbẹ̀. A kò kọ àwọn ilé tí iná náà kò yà sí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ẹni tó bá ṣìnà, olùkọ́ kò ní sọ pé ó ṣìnà. Yóò gbé nǹkan mìíràn kalẹ̀ ni. Àpótí àtijọ́ tó ti ń kó wọn wá láti ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lọ́jọ́ tí kò rí nǹkan mú wá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ na ìka sókè.

"Mà, ìyẹn ńkọ́?"

Irin gbọọrọ kan ló wà lábẹ́ àjà, tó gba orí fèrèsé yọ síta. Òrùka ńlá kan wà lára rẹ̀ nínú ilé, òmíràn wà níta. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Rédíò máa ń dúró sí tó bá ń pè. Ó wò ó, ó gbé èjìká sókè. Kò mọ̀. Ẹ̀rín bú jáde, nítorí wọn kò rí i kó má mọ nǹkan rí.

Lórí òrùka yìí ni wọ́n wà tí oṣù fi parí. Ọ̀gá àgbà ti ilẹ̀kùn wọlé, ó bá Lọ́yà lórí ìdúró.

"Ta ló ń sọ pé ẹ̀wọ̀n ni ilé ìwé mi?"

"Èmi ni, Sà. Mo ní òrùka yẹn ni wọ́n ń so ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Àmọ́ wọ́n ti fẹ́ gba ẹ̀wọ̀n náà lọ́wọ́ mi."

"Ta ni wọ́n fẹ́ so mọ́ òrùka tó wà níta, Sà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ wo abẹ́ fèrèsé, búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀kùn ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dí i dé ìdajì. Ilẹ̀kùn tí kò ní àtẹ̀gùn, èèyàn kọ́ ló ń gbabẹ̀. Ẹrù ni. Okùn ni wọ́n fi ń fà á gòkè. Ilé ìkẹ́rù nibí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ilé ìwé nibí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: 'Fún ìmọ̀ àti ìwà rere ni a kọ́ ilé yìí, kómà.'"

"Ẹ̀rí dà, Sà?" Lọ́yà bèèrè.

"Ẹ̀rí mi ló jókòó yẹn. Òun ló pè é fún mi kọ."

Gbogbo ojú yí sí olùkọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí òun ti pè, ohun tí àwọn ọmọ yìí ṣe ti bàjẹ́. Bí òun bá sì takò ó, òun ń sọ lójú ẹni tó fẹ́ dájọ́ pé irọ́ ni òun fi kọ́ ọ. Ó mú pátákó kékeré rẹ̀, ó kọ ọ́, ó gbé e sókè.

"Mi ò gbójú sókè wò ó rí."

Ọ̀gá kà á. Ó gbójú sókè sí òrùka náà, ó sì wò ó pẹ́.

"Èmi náà ò wò ó rí," ó ní, "bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí." Ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó sáàárín wọn. "Kí ni wọ́n wá ń kó síbí?"

"A ò tíì mọ̀, Sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ bá wa rò ó."

A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé mọ́. Olùkọ́ jọ́gíráfì dúpẹ́ pé kò kan òun. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ti ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ òun pé ayé rí róbótó.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ohùn obìnrin náà padà, ó há díẹ̀, kò sì ga mọ́. Ó kí wọn káàárọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìwé ṣí, bírò dúró.

"Mà, ẹ ò ní pè é ni?" Lọ́yà bèèrè.

"Kí ni mo fẹ́ pè?" ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Ó gbé kẹ́tùlù kan sórí tábìlì, ó jókòó. Nílé, ọkọ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi se omi tíì.