Mọ́tò Mi Kì í Gbóná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibí, kí n ròyìn bí pick-up mi ṣe fojú mi rí màbo. Tí mo bá rántí ẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Nígbà yẹn, ẹkún ló kù kí n sun.

Láti Mile 12 ni mo ti ń kó tòmátì àti ata lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ifákọ̀ àti Sangisa. Pick-up ńlá kan ni mo fi ń kó o, àgbà mọ́tò tó ti bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ kó tó kàn mí. Kò sí ẹrù tó ń kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bó ṣe ń mu epo! Tí mo bá rọ epo kún tánkì láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó bá fi máa di ọ̀sán Wẹ́sidé, iná pupa ti tàn.

Kí ni mi ò ṣe tán? Mo pààrọ̀ plug. Mo pààrọ̀ ilé epo. Mo tilẹ̀ ra kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu tánkì, bóyá ẹnì kan ló ń fa epo mi. Pàbó ni gbogbo ẹ̀ já sí. Ìyàwó mi wá là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ilé epo là ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe àwọn ọmọ wa. Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Ni mo bá wá Alhaji kan tó ń ra mọ́tò àlòkù. A fi àdéhùn sí Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Tí mọ́tò yẹn bá lọ, iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo máa padà sí lábẹ́ ọ̀gá, èmi tí mo ti ń dá dúró láti ọdún mẹ́fà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń yangàn lára mọ́tò náà: kì í gbóná. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kì í kúrò nílẹ̀ rárá. Ohun tí mo fi fa ojú Alhaji mọ́ra nìyẹn.

Ní Tọ́sidé ọ̀sẹ̀ tí a ṣe àdéhùn yẹn gan-an, òjò ń rọ̀. Mummy Ifákọ̀, oníbàárà mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà físíìsì, ní kí n gbé àwọn àti ẹrù wọn délé. Èémí wa bo dígí iwájú, n kò ríran mọ́. Wọ́n ní kí n tan hítà kí dígí lè mọ́. Mo tàn án, atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ sí wa lójú.

“Lékan, o ti ń wa mọ́tò yìí láti àárọ̀. Kí ló dé tí hítà ò gbóná?”

“Mummy, mọ́tò mi kì í gbóná o.” Orí mi wú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n wo abẹ́rẹ́, wọ́n wò mí. “Ìkòkò tí kì í gbóná, ṣé ọbẹ̀ inú ẹ̀ máa ń jinná? Igi lo kàn ń fi ṣòfò. Ta ló yọ thermostat ẹ?”

Thermostat kẹ̀? Wọ́n ṣàlàyé pé irin kékeré kan ni, tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná dáadáa, kó tó jẹ́ kó lọ tutù nínú rédíétọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tútù ni ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, á sì máa mu epo.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mọ́tò náà hó lójú ọ̀nà. Ọ̀gá Múfú, mẹkáníìkì mi ní Ìkòsí, yọ irin kan, ó ní oòrùn ìlú wa ò nílò ẹ̀. Lẹ́yìn náà la rí i pé rédíétọ̀ ló dí, a pààrọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rántí irin?

Mo ṣí pigeonhole iwájú mọ́tò níbẹ̀. Ó wà nínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ìwé mọ́tò, bí Ọ̀gá Múfú ṣe dì í fún mi gan-an. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀! Mummy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná dán an wò, pé tó bá lanu, ó ṣì dára nìyẹn. Ìyàwó mi gbé omi kaná, mo ju irin náà sínú ẹ̀, àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ìkòkò. Nígbà tí omi fẹ́ hó, irin náà rọra lanu. Inú mi dùn débi pé mo gbá ìyàwó mi mọ́ra nídìí sítóòfù.

Ọ̀gá Múfú dá a padà sáyè ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń kùn pé tó bá hó lórí afárá, kí n má pe òun. Mo ní kí fọkanáísà fẹ́ táyà tó ti rọ̀, torí táyà rírọ̀ náà máa ń jẹ epo. Ní Mọ́ńdè, mo rọ epo kún tánkì. Ọ̀sán Wẹ́sidé dé, iná pupa ò tàn. Ìrọ̀lẹ́ dé, kò tàn. Mo ti já ẹrù tán ní Sangisa lọ́jọ́ Tọ́sidé kó tó tàn. Ijó ni mo bọ́ sílẹ̀ jó.

Alhaji dé ní Sátidé. Ó wa mọ́tò náà yípo àdúgbò, ó padà dé, ó fajú ro.

“Lékan, abẹ́rẹ́ yìí ti dé àárín. Ṣebí o ní mọ́tò ẹ kì í gbóná?”

“Ó ti ń gbóná báyìí, Alhaji. Ẹ má bínú, mi ò tà á mọ́.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí èèyàn fi ń yangàn gan-an lè jẹ́ ohun tó ń pa á lára. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni mẹkáníìkì ti yọ lára mọ́tò yín tó ní kò wúlò? Ẹ lọ yẹ pigeonhole yín wò, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún mi.